Òróró ólífì, ikùn ńlá àti ọpọlọ: ìdáhùn fún arábìnrin wa ní Abẹ́òkúta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ ọdún 48 ni mí, ìwọ̀n mi jẹ́ kílò 104, gíga mi sì jẹ́ mítà 1.63. Màmá mi ti ń ṣarán láti bí ọdún mẹ́ta, ẹ̀rù wá ń bà mí pé èmi ló kàn. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n máa mu ṣíbí òróró ólífì méjì láàárọ̀ kí n tó jẹun, pé èròjà inú rẹ̀ ń fọ ọpọlọ, ó sì ń fa ọ̀rá ikùn. Mo ti ra ìgò kékeré kan. Ọmọ mi tún rí oníhóró rẹ̀, tí wọ́n ṣe bíi hóró oògùn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wọ́n gan-an. Ṣé òótọ́ ni? Irú èwo gan-an ni kí n máa rà? Ṣé kí n lé epo pupa kúrò nílé ni? Ṣé mo lè máa fún màmá náà mu?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá, arábìnrin wa. Ẹni tó bá ti bá arúgbó tó ń ṣarán gbélé rí ló mọ ohun tí ojú yín ń rí. Ìyá tó pọnni dàgbà á wojú ẹni sùn-ùn, á ní, "Ọmọ ta nìyí?" Iṣẹ́ ìmọ̀ oúnjẹ ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bi mí ní irú ìbéèrè tiyín yìí. Ọ̀rọ̀ màmá ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni kò ṣeé fi falẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣíbí da òróró sí màmá lẹ́nu. Bí àrùn yìí bá ti ń wọra, gbígbé nǹkan mì máa ń di iṣẹ́ ńlá fún arúgbó. Òróró tó bá ṣì ọ̀nà, tó gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, lè dá òtútù àyà tó le sílẹ̀, nítorí ẹ̀dọ̀fóró kò ní ohun tí yóò fi da ọ̀rá. Ìdí kan náà nìyẹn tí a fi ń bẹ àwọn ìyálọ́mọ pé kí wọ́n yéé rọ epo pupa sí ọmọ tí gìrì mú lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ kí màmá jẹ òróró ólífì, ẹ pò ó mọ́ oúnjẹ: ẹ̀kún ṣíbí kan lórí ẹ̀wà tó rọ̀ dáadáa, tàbí nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Kò burú fún un. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín, kò sí òróró tó lè dá iyè tó ti rá padà. Bí màmá bá sì ti ń rù, ẹ má ṣe dín oúnjẹ rẹ̀ kù rárá, bó ti wù kó sanra tó tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ orí tirẹ̀, kí ara máa gbẹ ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìfúnpá àti ṣúgà rẹ̀ wò, kí wọ́n sì yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò pẹ̀lú. Etí tó di máa ń jẹ́ kí arán dà bíi pé ó ti le ju bó ṣe rí lọ.

Ó wá kan ẹ̀yin fúnra yín.

Ẹ fi gíga yín pín kílò 104 lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó rí 39. Láti 30 sókè ni a ti ń pè é ní àsanjù. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Àìmọye obìnrin ló wà níbi tí ẹ wà yẹn, tí wọ́n ń fi agbára gidi ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń bọ́ ilé. Àmọ́ nọ́ńbà tí mo ń wá jù kò sí nínú lẹ́tà yín: ìwọ̀n ikùn. Ẹ yá téèpù télọ̀. Ẹ dúró gbọnrangandan láìwọ aṣọ tó nípọn, ẹ mí jáde, ẹ má fa ikùn wọlé, kí ẹ wá wé téèpù náà yíká agbedeméjì ibi tí eegun ìhà parí sí àti orí eegun ìbàdí. Téèpù kò gbọdọ̀ há, kò sì gbọdọ̀ rọ̀ jọwọlọ. Fún obìnrin, tó bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 80, ọ̀rá ti ń kó ara rẹ̀ jọ sáàárín ìfun àti sára ẹ̀dọ̀ nìyẹn. Ọ̀rá itan àti ti ìdí kì í dá wàhálà sílẹ̀ tó ti inú ikùn.

Kí ló kan ikùn kan ọpọlọ? Ní àríwá Kalifọ́níà, àwọn oníwádìí Kaiser Permanente, àjọ ìtọ́jú ìlera ńlá kan, lo ìwọ̀n ikùn àwọn èèyàn 6,583 tí wọ́n wọ̀n nígbà tí wọ́n wà láàárín ọmọ ọdún 40 sí 45. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 36, wọ́n yẹ ìwé ìtọ́jú wọn wò láti mọ ẹni tó ti ń ṣarán nínú wọn. Àwọn tí ikùn wọn tóbi jù lọ ní ewu tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tí ikùn wọn kéré jù lọ. Ọdún 2008 ni wọ́n gbé e jáde. Ohun tó ń jẹ́ kí n máa padà sórí ìwádìí náà ni bí àkókò ṣe gùn tó láàárín ikùn àti àrùn. Ẹni ọdún 48 ṣì wà nídìí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ìwé ìròyìn Lancet gbé kalẹ̀ lórí àrùn ìgbàgbé náà ka sísanra jù ní agbedeméjì ayé mọ́ ohun 14 tó ń fa ewu arán tó sì ṣeé yí padà, nínú àbọ̀ tí wọ́n mú wá ní 2024.

Ọ̀rá inú ikùn kì í kàn jókòó bí ẹrù tí a dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tó bá ti kún dé ẹnu máa ń ránṣẹ́ ìpayà sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn èròjà bíi TNF-alpha àti interleukin-6. Àwọn ọmọ ogun ara á gbọ́, wọ́n á rò pé kòkòrò ti wọlé, wọ́n á dá iná sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yín bá gún ìṣó, irú iná bẹ́ẹ̀ ló ń mú kó wú, kó gbóná, kó sì san. Tí ọgbẹ́ bá ti jiná, iná á kú. Ti ikùn ńlá kì í kú. Ó ń jó lábẹ́lẹ̀ fún ogún ọdún bí ẹ̀yinná tí eérú bò mọ́lẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé iná yìí kiri náà ló ń gòkè lọ sínú ọpọlọ. Ọpọlọ ní oníbodè tirẹ̀, ìyẹn ògiri àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, tó ń yan ohun tó máa wọlé. Iná abẹ́lẹ̀ ń mú kí oníbodè náà tú. Nígbà tí oníbodè bá tú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbálẹ̀ tó sì ń ṣọ́dẹ nínú ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní microglia, á fi gbígbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á di oníjà. Lẹ́yìn èyí ni ti insulin. Kì í ṣe ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń bójú tó; ọpọlọ ń lò ó fún iṣẹ́ ìrántí pẹ̀lú. Ní ara tó sanra jù, ẹran ara kì í gbọ́ ohùn insulin mọ́, ọpọlọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yadi sí i.

Kì í pẹ́ rárá kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2012, àwọn oníwádìí kan fún eku ní oúnjẹ ọlọ́rá gan-an. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí eku náà tó sanra rárá, iná ti ràn ní hypothalamus wọn, apá ọpọlọ tó ń sọ fún ẹ̀dá pé ó ti yó. Ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: apá tó yẹ kó ní kí a dá ọwọ́ oúnjẹ dúró ni iná kọ́kọ́ mú. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń bú ẹni tó sanra pé oníwọra ni, inú mi kì í dùn.

Ibi tí òróró ólífì ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Bí a ṣe ń fún epo pupa láti ara ẹran ẹyìn, tí a sì ń gba àdí lára èkùrọ́ lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń fún òróró ólífì láti ara ẹran èso. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní oleic acid, tó wà nínú òróró ẹ̀pà náà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀. Ọ̀rá tó dára ni, àmọ́ òun kọ́ ló sọ ólífì di àkàndá. Díẹ̀ tó kù ló ṣe é: àwọn èròjà kíkorò tí igi náà fi ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò àti oòrùn, tí wọ́n ń pè ní polyphenol. Hydroxytyrosol wà nínú wọn, oleacein wà níbẹ̀, oleocanthal náà wà níbẹ̀.

Oleocanthal yìí, ọ̀fun ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Gary Beauchamp, onímọ̀ nípa adùn àti òórùn ní Monell Center ní Philadelphia, ló tọ́ òróró ólífì tuntun wò ní Sísílì ní nǹkan bí ọdún 1999. Ó ta á lọ́fun. Kì í ṣe ahọ́n, kì í ṣe ètè bíi ti ata; ẹ̀yìn ọ̀fun gan-an ni, títí tó fi húkọ́. Ó sì mọ irú títa yẹn, torí wọ́n ti ń tọ́ ibuprofen olómi wò nínú iṣẹ́ wọn, bó ṣe ń ta ọ̀fun nìyẹn. Ó ronú pé bóyá ohun tó ń ta bákan náà ń ṣiṣẹ́ bákan náà. Ní 2005, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde nínú ìwé ìròyìn Nature pé oleocanthal ń dí ọ̀nà kan náà tí ibuprofen ń dí nínú ara, ọ̀nà tí iná ara ń gbà ràn. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú: gíráàmù 50 òróró náà lóòjọ́, tó lé ní ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, kò fúnni ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ibuprofen tí àgbàlagbà ń lò fún ìrora. Kò ní lé ẹ̀fọ́rí yín lọ. Ohun tí wọ́n ń rò ni pé díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ lè máa bu omi sí ẹ̀yinná tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Lára eku, ó ti ṣe ohun ìyanu. Wọ́n ti rí i pé oleocanthal ń ran ọpọlọ eku lọ́wọ́ láti kó pàǹtí amyloid jáde, pàǹtí tó ń kó jọ nínú ọpọlọ ẹni tó ní àrùn Alzheimer, ọ̀kan lára àwọn àrùn tó ń fa arán. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ẹni yín ní ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́ "fífọ ọpọlọ". Mi ò ní pè é ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n eku ni.

Lára èèyàn ńkọ́? Ìwádìí kan ní Spéìn tí wọ́n gbé jáde ní 2023, APRIL lorúkọ rẹ̀, mú àwọn èèyàn 91 tí wọ́n sanra jù, tí ṣúgà wọn sì ti ń gòkè bọ̀. Fún oṣù kan, wọ́n lo òróró ólífì tí oleocanthal àti oleacein pọ̀ nínú rẹ̀. Fún oṣù mìíràn, wọ́n lo òróró ólífì lásán. Òróró yẹn nìkan ni wọ́n fi ń se oúnjẹ, wọn ò sọ pé kí wọ́n máa mu ún kún oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n ń lo ti èròjà púpọ̀, ìpẹtà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ìyẹn bí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń bàjẹ́ bí irin tó dípẹtà, dín kù, ọ̀kan lára àwọn èròjà tó ń kéde iná lọ sílẹ̀, ṣúgà àti ìwọ̀n ara náà sì rẹlẹ̀ díẹ̀. Ó wú mi lórí, torí irú yín ni wọ́n mú. Àmọ́ oṣù kan péré ni, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì yẹ̀ wò, wọn ò yẹ ìrántí wò.

Ti oníbodè ọpọlọ, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, ní Yunifásítì Auburn, ní 2022. Àwọn arúgbó 25 tí ìgbàgbé ti ń mú díẹ̀díẹ̀ lo òróró ólífì fún oṣù mẹ́fà, mílílítà 30 lóòjọ́. Àwọn kan gba ojúlówó tí polyphenol wà nínú rẹ̀, àwọn kan gba èyí tí wọ́n ti sẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò. Àwòrán ọpọlọ fi hàn pé oníbodè àwọn tó lo ojúlówó túbọ̀ le sí i. Ẹgbẹ́ méjèèjì ló sì ṣe dáadáa sí i nínú ìdánwò arán. Èèyàn 25 kéré, ẹ má kọ́ ilé lé e lórí. Mo mú un wá torí ó wà lára ìwọ̀nba ìwádìí tó ya èròjà sọ́tọ̀ kúrò lára òróró, ohun tí ẹ sì bi mí nìyẹn.

Èyí tó tóbi jù ni PREDIMED, Spéìn náà ni. Àwọn èèyàn tó lé ní 7,400, tí púpọ̀ nínú wọn sanra jù, tí ọ̀pọ̀ ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n fún ẹgbẹ́ kan ní lítà kan òróró ólífì ojúlówó lọ́sẹ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja. Ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ dín kù ní nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní láti fa àbọ̀ ti 2013 sẹ́yìn nítorí àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe pín àwọn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2018, àbọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ní Navarra, ẹkùn kan ní Spéìn, wọ́n dán ìrántí àwọn 522 lára wọn wò lẹ́yìn ọdún mẹ́fà àbọ̀, àwọn olóróró ólífì sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n sọ fún pé kí wọ́n dín ọ̀rá kù lọ. Èyí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe òróró nìkan. Odindi àwo oúnjẹ ni wọ́n yí padà.

Ẹ ó tún gbọ́ nípa ìwádìí Harvard ti 2024: àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera 92,383 tí wọ́n tọpasẹ̀ wọn fún ọdún 28. Àwọn tó ń jẹ ju gíráàmù méje òróró ólífì lọ lóòjọ́ ní ewu ikú nípasẹ̀ arán tó fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Gíráàmù méje kò ju ìdajì ṣíbí ìjẹun lọ! Àmọ́ wíwo ni wọ́n wò wọ́n, wọn ò pín wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń ra òróró ólífì lè jẹ́ ẹni tó lówó lọ́wọ́, tó ń rìn káàkiri, tó ń rí dókítà déédéé. Gbólóhùn kan tí àwọn oníròyìn fò nínú rẹ̀ ló yẹ kí ẹ mú: fífi òróró ólífì rọ́pò bọ́tà inú ike àti mayonnaise ló bá ewu tó dín kù rìn. Fífi rọ́pò àwọn òróró ewéko mìíràn kò fi ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́ hàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi gan-an wà nínú ọ̀rọ̀ "rọ́pò" yẹn. Ṣíbí ìjẹun méjì òróró, irú òróró yòówù kó jẹ́, tó nǹkan bíi kálórì 240 (kálórì ni a fi ń wọn agbára inú oúnjẹ). Bí ẹ bá ń gbé e mì láràárọ̀ kún gbogbo ohun tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀, láàárín oṣù kan ó ti tó kálórì 7,200, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di kílò ọ̀rá kan. Mo ti rí i. Ìyá kan wá sọ́dọ̀ mi tó ti ń mu ún fún oṣù márùn-ún pẹ̀lú ìgbàgbọ́ gidi. Ó fi kílò mẹ́rin sanra sí i, ó sì ń sunkún pé òun ò jẹ nǹkan kan kún oúnjẹ. Òróró ólífì kì í fa ọ̀rá ikùn. Ọ̀rá ni òun náà.

Ìwádìí kan tún wà tí àwọn tó ń tajà kì í mẹ́nu bà. MIND ni wọ́n pè é, 2023 ni àbọ̀ rẹ̀ jáde. Wọ́n mú àgbàlagbà 604 tí wọ́n sanra ju bó ṣe yẹ, tí òbí tàbí ẹbí wọn ti ṣarán rí, bíi tiyín gẹ́lẹ́. Wọ́n fún ẹgbẹ́ kan ní òróró ólífì, ẹ̀pà olówó iyebíye àti èso, wọ́n sì dín kálórì wọn kù díẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n ti ń jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n dín kálórì tiwọn náà kù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹgbẹ́ méjèèjì ti fi nǹkan bíi kílò márùn-ún fúyẹ́, ìrántí ẹgbẹ́ méjèèjì sì dára sí i. Kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe é mú láàárín wọn. Èmi kò kà á sí pé òróró ólífì já sí òfo. Bí mo ṣe kà á ni pé ìdínkù oúnjẹ lè ṣe púpọ̀ nínú ohun tí a ń fi orúkọ ìgò pè.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wálé wàyí. Láti 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan lórí arán. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntòkun wà nídìí rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wà níbẹ̀, pẹ̀lú Hugh Hendrie láti Indiana. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, ní àárín Ìbàdàn, wọ́n ń bá àwọn arúgbó tó ti lé ní 65 sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Wọ́n sì ń ṣe bákan náà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ní 2001 ni àbọ̀ jáde: lọ́dọọdún, arán tuntun ń mú 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún arúgbó Ìdíkàn. Ní Indianapolis, 3.24. Àwọn tiwa kò tó ìdajì tiwọn. Àwọn ará Ìdíkàn fúyẹ́ jù wọ́n lọ, ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò pọ̀ láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀. Mi ò sì rò pé ìyá kankan nínú wọn ń fi òróró ólífì se ọbẹ̀. Epo pupa ni, àmàlà ni, ewédú àti gbẹ̀gìrì ni, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń rìn lọ sọ́jà. Ohun tó ń ká mi lára ni pé àwa ọmọ wọn, nínú ìlú kan náà, ti ń jẹun bí ará Indianapolis: ẹlẹ́rìndòdò ní gbogbo ìgbà, búrẹ́dì aládùn, àti ọ̀kadà títí dé ẹnu ọ̀nà.

Nítorí náà, ẹ má lé epo pupa kúrò nílé. Òótọ́ ni pé nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá tó ń dì, kò sì yẹ kó máa léfòó lórí ọbẹ̀ bí omi òjò. Ṣùgbọ́n epo tó pupa ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A. Èyí tí ẹ bá ti jó títí tó fi funfun fún ayámáṣe ti pàdánù ìyẹn. Ẹ yéé fi ìgbakọ bu epo. Ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tó fún ìkòkò ẹ̀fọ́ tí èèyàn mẹ́rin máa jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ lo ólífì, ẹ fi ṣíbí epo pupa méjì ro ẹ̀fọ́, kí ẹ wá da ṣíbí ólífì kan lé e lórí nígbà tí ẹ bá ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ooru díẹ̀ kì í ba òróró náà jẹ́, kò sì di májèlé bí wọ́n ṣe ń sọ, ṣùgbọ́n bí iná bá ṣe ń pẹ́ ni polyphenol ń tán. Ẹni tó bá fi ojúlówó ólífì dín dòdò ń fi owó jóná. Lórí búrẹ́dì ní òwúrọ̀, níbi tí ẹ ti ń fi bọ́tà, ẹ kán òróró ólífì sí i pẹ̀lú tòmátì tí ẹ gé. Lórí ẹ̀wà, lórí ẹja sísun, lórí sàláàdì dípò kíríìmù. Ṣíbí kan sí méjì lóòjọ́ nínú oúnjẹ tó fún yín, kí epo mìíràn sì fi iye yẹn dín.

Bí ẹ bá dé ọjà, "extra virgin" ni kí ẹ wá lára ìgò. "Pure", "light" àti "pomace" ti gba inú ẹ̀rọ kọjá, èròjà tí à ń sọ ti bá ibẹ̀ lọ. Ẹ mú ìgò tó dúdú tàbí agolo, torí ìmọ́lẹ̀ ń pa á. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kórè rẹ̀ bó bá wà níbẹ̀, kí ẹ má ra èyí tó ti lé ní ọdún kan àbọ̀. Ẹ má ra èyí tí wọ́n tò sí oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Òróró tí wọ́n ti po lọ́fínńdà mọ́ fún àdúrà, ẹ fi sílẹ̀ fún àdúrà, kì í ṣe fún mímu.

Ní ti oníhóró, mi ò ní kí ẹ rà á. Kò tíì sí ìwádìí ńlá kan tó fi hàn pé hóró hydroxytyrosol tàbí ti ewé ólífì dènà arán fún ẹni tó sanra. Ara tilẹ̀ máa ń tú hydroxytyrosol palẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, èyí tó ń dé ọpọlọ kéré gan-an. Ilẹ̀ Yúróòpù, tí òróró yìí ti ń wá, kò jẹ́ kí olóróró kọ "ọpọlọ" sára ìgò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ polyphenol. Ohun tí òfin wọn ti 2012 gbà láyè ni pé ó ń dáàbò bo ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kó má pẹtà, bí gíráàmù 20 rẹ̀ bá ní ó kéré tán mílígíráàmù márùn-ún hydroxytyrosol àti àwọn ẹbí rẹ̀. Ti ewé ólífì tún lè fa ìfúnpá wálẹ̀, kó sì bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jà. Owó hóró yẹn, ẹ fi ra ẹ̀rọ tí ẹ ó máa fi wọn ìfúnpá nílé. Àwọn 9,361 tí wọ́n wọ ìwádìí SPRINT ní Amẹ́ríkà fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2019 pé ẹni tí wọ́n mú nọ́ńbà òkè ìfúnpá rẹ̀ wá sábẹ́ 120 kì í tètè bẹ̀rẹ̀ ìgbàgbé bí ẹni tí tirẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ 140. Ìyàtọ̀ náà tó ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Dókítà yín ló máa sọ iye tó yẹ yín.

Ìgò kékeré tí ẹ ti rà ńkọ́? Ẹ bu ẹ̀kún ṣíbí tíì kan níbẹ̀ sínú ife kékeré. Ẹ gbá ife náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí òróró yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀: ó yẹ kó máa rùn bíi koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ẹ wá fà á mu díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́, bí ẹni ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, kí ẹ gbé e mì, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan. Bó bá korò díẹ̀ lórí ahọ́n, tó sì ta yín lẹ́yìn ọ̀fun débi tí ẹ fi húkọ́, èròjà wà níbẹ̀; ẹ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, kí ẹ sì lò ó tán láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Bó bá ń yọ̀ bọ̀rọ́ lásán, tàbí tó ń rùn bí ẹ̀pà tó ti bu, ẹ fi pa ẹsẹ̀, ẹ má tún ra irú rẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá sì ti wọn ikùn, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ìfúnpá yín, ṣúgà tí wọ́n wọ̀n kí ẹ tó jẹun, àti ohun tí ẹ jẹ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn láìfi ẹlẹ́rìndòdò pamọ́. Ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.